Ẹnubodè Tí Oníbodè Rẹ̀ Kò Tíì Dàgbà: Bí Máńgáníìsì Ṣe Ń Wọ Ọpọlọ Ọmọdé

Bí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lẹ lọ bíi tèmi, ẹ ó rántí ọjọ́ tí a máa ń kun pátákó. Olùkọ́ á ní kí kóówá mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú wá láti ilé, èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ń pè ní òkúta tọ́ọ̀ṣì. A ó fọ́ ọ, a ó yọ lẹ́búlẹ́bú dúdú inú rẹ̀, a ó gún un pọ̀ mọ́ èédú àti ewé, a ó sì fi kun pátákó títí yóò fi dúdú bíi kóró iṣin. Ọwọ́ wa, imú wa àti aṣọ wa náà á dúdú. Bí agogo oúnjẹ bá sì lù, àwọn kan nínú wa kì í rántí fọ ọwọ́ kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ mọ́ínmọ́ín.

Ọdún yìí ni mo tó mọ ohun tó wà nínú lẹ́búlẹ́bú yẹn. Mo ń kàwé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lórí bí ọpọlọ ṣe ń darí ọ̀rọ̀ sísọ, mo sì ń pàdé orúkọ kan léraléra: máńgáníìsì. Òun àti èédú ló pọ̀ jù nínú dúdú inú bátìrì náà. Yorùbá kò ní orúkọ fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó pe bátìrì ní òkúta kò jìnnà sí òótọ́, torí inú òkúta ni wọ́n ti ń wa máńgáníìsì.

N kò kọ èyí láti fi pátákó dẹ́rù bà yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀nà tí irin yìí ń gbà dé inú ọpọlọ ọmọ, ìdí tó fi ń ṣẹ́ jọ síbẹ̀ ju ti àgbà lọ, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́mọ ṣọ́ra fún.

Ara nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni

Ojoojúmọ́ ni à ń jẹ máńgáníìsì. Ó wà nínú ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ àti tíì. Láìsí i, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára kò lè ṣiṣẹ́. Egungun ọmọ nílò rẹ̀ láti dàgbà, ọpọlọ náà sì nílò rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí a nílò kò pọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 2 lóòjọ́. Ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà jẹ́ mílígíráàmù 0.003 péré, ìyẹn máíkírógíráàmù 3, nítorí máíkírógíráàmù 1,000 ló wà nínú mílígíráàmù kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 3 yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní ọdún 1837, James Couper, dókítà kan ní Glasgow, kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin tó ń lọ òkúta máńgáníìsì ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ẹsẹ̀ wọn kò lágbára mọ́, ara wọn ń tẹ̀ síwájú bí wọ́n bá fẹ́ rìn, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ló mú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè bíi tèmi dúró. Àgbà ni àwọn wọ̀nyẹn, èéfín àti eruku ló sì kó o wọ ara wọn. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ti ọmọdé ń gbà.

Oníbodè méjì tó wà lára àgbà

Láyé àtijọ́, ẹrù kì í wọ ìlú olódi láìkọjá lọ́dọ̀ oníbodè. Bẹ́ẹ̀ ni ara àgbàlagbà ṣe rí sí máńgáníìsì inú oúnjẹ.

Ìfun ni oníbodè àkọ́kọ́. Bí a bá pín máńgáníìsì tí àgbàlagbà jẹ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 5 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ló ń ti ìfun wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè kejì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀ á mú èyí tó bá ti pọ̀ jù, á dà á sínú òróòro, òróòro á gbé e padà sínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn tí ara rẹ̀ le fi lè máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ títí ayé láìsí pé máńgáníìsì inú wọn ṣe é ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n oníbodè ìfun ní àléébù kan. Lára rẹ̀ ni purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní DMT1, tó ń ṣílẹ̀kùn fún irin, ìyẹn irin gan-an tí a fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. DMT1 yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún máńgáníìsì, torí pé àwọn méjèèjì fara jọra ní ìtóbi, agbára iná kan náà ni wọ́n sì gbé. Ẹ rántí kíláàsì fonọ́lọ́jì wa, níbi tí a ti ń fi ọmọ Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀kan náà ni “ṣá” àti “sá” lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irin àti máńgáníìsì rí lójú DMT1. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí ní àbájáde tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí irin bá ṣọ̀wọ́n lára, ara á fi kún iye ilẹ̀kùn DMT1 kó lè rí irin tó pọ̀ sí i fà wọlé. Bí irin kò bá wá sí nínú oúnjẹ, máńgáníìsì ni yóò máa bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Nítorí náà, ọmọ tí irin kò tó lára rẹ̀ ń fa máńgáníìsì wọlé ju ọmọ tí irin rẹ̀ pé lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń jẹ oúnjẹ kan náà.

Ti ọmọ tuntun yàtọ̀

Kí ọmọ tó dáyé ni ìrìnàjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ọmọ máa ń fa máńgáníìsì láti ara ìyá lọ sọ́dọ̀ ọmọ, débi pé ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ máa ń ní in ju ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ara tó ń mọ egungun àti ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà nílò ohun èlò.

Lẹ́yìn ìbí, omi ọmú ló kù. Omi ọmú kò ní máńgáníìsì púpọ̀: nǹkan bíi máíkírógíráàmù 3 sí 10 ló wà nínú lítà kan. Ara ọmọ tuntun mọ̀ pé díẹ̀ ni yóò máa wọlé, ó sì ṣe ètò tó bá a mu. Ìfun rẹ̀ ń gba ìpín tó pọ̀ ju ti àgbà lọ, òróòro rẹ̀ kò sì tíì máa ṣàn dáadáa láti kó àpọ̀jù jáde. Ní ọdún 1975, George Cotzias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí wọ́n rí lára ọmọ eku: fún nǹkan bí ọjọ́ 17 sí 18 àkọ́kọ́, ọmọ eku kò yọ máńgáníìsì dànù rárá, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ìjáde ṣàdédé ṣí. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọmọ eku, ṣùgbọ́n ìkókó náà ń dá èyí tó wọlé dúró sára ju àgbà lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kì í ná an nínàákúnàá. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò àkókò ọ̀wọ́n ni, kò sì ní ohun tí yóò fi dá ọ̀pọ̀ padà bí ọ̀pọ̀ bá dé. Wàrà agolo tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe máa ń ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 30 sí 50 nínú lítà kan. Èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe lè ní 200 sí 300. A kò sì tíì ka omi tí a fi pò ó.

Bó ṣe ń kọjá odi ọpọlọ

Ọpọlọ ní odi tirẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ má bàa kàn ṣàn wọlé. Odi náà wà lára ọmọdé pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ló yẹ ká wò. Ọpọlọ tó ń dàgbà nílò irin púpọ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn irin ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan lára odi rẹ̀. Níbi tí irin bá sì ń gbà, ẹ ti mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé e.

Máńgáníìsì kan máa ń wọ transferrin, ọkọ̀ tí irin ń wọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Òmíràn ń gba DMT1. Òmíràn ń gba ilẹ̀kùn méjì tí síńkì náà ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní ZIP8 àti ZIP14. Ọ̀nà mìíràn tún ni ibi tí omi tó yí ọpọlọ ká ti ń sun jáde. Bó bá ti dé inú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní astrocyte, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yòókù, ló ń gba púpọ̀ mọ́ra.

Ìwọlé rẹ̀ ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìjáde rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìdí tó fi ń ṣẹ́ jọ nìyẹn. Bí èyí tó ń wọlé bá ń yára ju èyí tó ń jáde lọ, kódà díẹ̀díẹ̀, yóò pọ̀ bó pẹ́ bó yá. Ibi tó sì fẹ́ràn jù ni apá kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní globus pallidus. Lórí àwòrán MRI, ibẹ̀ á máa tàn funfun ju àyíká rẹ̀ lọ bí máńgáníìsì bá ti pọ̀ níbẹ̀.

Globus pallidus wà lára ẹ̀ka ọpọlọ tó ń ṣètò bí a ṣe ń gbé ara: bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀, bí ètè, ahọ́n àti ọ̀fun ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Glasgow kò wá ṣàjèjì mọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, máńgáníìsì tó pọ̀ jù ń dí ilé agbára lọ́wọ́, ó sì ń da ètò dopamine rú, ìyẹn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn, àfiyèsí àti ìfẹ́ láti ṣe nǹkan.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Àwọn ọ̀nà kan wà tí kò gba ọ̀dọ̀ oníbodè rárá. Imú ni ọ̀kan. Eruku tàbí èéfín tó ní máńgáníìsì á ti ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀ láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìwádìí lórí eku tún fi hàn pé ó lè tọ iṣan tí a fi ń gbóòórùn láti imú lọ sínú ọpọlọ tààrà. Èéfín tó ń jáde níbi tí àwọn wẹ́dà ti ń jó irin máa ń ní máńgáníìsì. Ọmọ tí wọ́n tẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, tàbí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì tó ọdún 15 tí kò bo imú, ń fa á símú.

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà ní London ròyìn nínú The Lancet nípa àwọn ọmọdé tí ìfun wọn kò lè gba oúnjẹ, tí wọ́n ń ti inú iṣan fún lóúnjẹ fún ìgbà pípẹ́. Máńgáníìsì wà nínú oúnjẹ olómi náà, nítorí pé ara nílò rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tí òróòro wọn kò ṣàn mọ́, máńgáníìsì pọ̀ sókè nínú ẹ̀jẹ̀, àwòrán sì fi hàn pé ó ti dé ọpọlọ àwọn kan. Oníbodè ìfun kò rí i, oníbodè ẹ̀dọ̀ kò lágbára láti lé e.

Ohun tí àwọn ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wá láti ara àwọn ọmọ tí kò bá máńgáníìsì pàdé níbi kankan ju oúnjẹ ilé lọ. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ròyìn àwọn ìdílé tí jíìnì kan tó ń jẹ́ SLC30A10 bàjẹ́ nínú wọn. Jíìnì yìí ló ń ṣe ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ti máńgáníìsì jáde. Àwọn ọmọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka ẹsẹ̀ bí àkùkọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń le, máńgáníìsì sì kún inú ọpọlọ wọn. Ní ọdún 2016, wọ́n ròyìn irú rẹ̀ mìíràn, èyí tó ti ara jíìnì SLC39A14 wá, ìyẹn jíìnì tó ń ṣe ZIP14 tí ẹ̀dọ̀ fi ń fa máńgáníìsì mọ́ra.

Lára ìtọ́jú àwọn tí SLC30A10 wọn bàjẹ́ ni oògùn tó ń so mọ́ máńgáníìsì kí ó lè bá ìtọ̀ jáde, àti irin. Bẹ́ẹ̀ ni, irin lásán, kó lè máa du ilẹ̀kùn DMT1 mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ tí kò ṣàìsàn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀, a kì í sì í ti inú iṣan bọ́ wọn. Ohun tí àwọn olùwádìí wá ń wò ni làákàyè, ìrántí àti àfiyèsí wọn. Ní Araihazar ní Bangladesh, wọ́n yẹ àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá 142 wò, tí omi kànga wọn ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 793 nínú lítà kan ní ìdáméjì-ìdáméjì. Iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2006: bí máńgáníìsì inú omi ṣe ń pọ̀ sí i ni máàkì àwọn ọmọ ń dín kù. Ní Quebec, ìwádìí ọdún 2011 lórí àwọn ọmọ 362 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 6 sí 13 rí i pé àwọn tí omi ilé wọn ní máńgáníìsì jù fi nǹkan bíi máàkì 6 rẹ̀yìn sí àwọn tí tiwọn kéré jù nínú ìdánwò IQ. Máńgáníìsì inú oúnjẹ àwọn ọmọ kan náà kò ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀.

Ìlú Mexico City ló fi ojú kejì hàn wá. Lára àwọn ọmọ 448 tí wọ́n tẹ̀ lé láti kékeré, àwọn tí máńgáníìsì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọmọ ọdún kan rẹ̀yìn, àwọn tí tiwọn kéré jù náà sì rẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín ló ṣe dáadáa jù.

Irú ìwádìí báyìí ń fi ohun méjì tó ń rìn pọ̀ hàn. Òun nìkan kò lè sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ jíìnì, àwọn ọmọ London àti ọmọ eku Cotzias, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Omi inú fídà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà agolo láti ìgbà tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Omi bọ́ọ̀hóòlù ilé wọn máa ń fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ nínú báfù àti lára aṣọ funfun. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Ṣebí mo máa ń sè é dáadáa kí n tó fi pò ó.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n sísè kì í mú irin kúrò.” Ooru ń pa kòkòrò. Máńgáníìsì kì í bá ooru lọ, bí omi bá sì ti gbẹ díẹ̀, ńṣe ni èyí tó ṣẹ́kù máa ki sí i.

Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007 fi òpin máńgáníìsì sí mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan, ìyẹn máíkírógíráàmù 200. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi tiwọn sí 80 ní ọdún 2022, wọ́n sì sọ pé ọmọ tó ń mu wàrà fídà gan-an ni wọ́n rò kí wọ́n tó mú iye yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìkókó bá mu ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà lóòjọ́, tí omi tí a fi pò ó sì wà ní 200 gẹ́lẹ́ bí ìlànà wa ṣe gbà, máíkírógíráàmù 150 ti wọ inú rẹ̀ láti ara omi nìkan. Ẹ rántí 3 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìlọ́po 50 nìyẹn, kí a tó ka èyí tó wà nínú wàrà fúnra rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe kò le. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ni ààbò tó dára jù. Ìyá kò nílò láti tìtorí èyí sá fún ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà. Bí wàrà agolo bá di dandan, kí wọ́n má ra ti sóyà àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n rà á. Bí omi bá ń fi dúdú sára táńkì, báfù tàbí aṣọ, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fi omi mìíràn po oúnjẹ ọmọ títí èsì yóò fi jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún ní ilé ìwòsàn, kí ó lò ó, nítorí irin wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ tó ti ń jẹun rí ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà jẹ, kí irin lè jókòó sí àyè rẹ̀. Kí a gbé ọmọ jìnnà sí èéfín wẹ́dà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi omi mìíràn po wàrà báyìí. Ó kù bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá padà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín lọ kí olùkọ́, tàbí tí ẹ lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà àgùnbánirọ̀, tí ẹ sì bá àwọn ọmọdé tó ń fọ́ bátìrì láti kun pátákó, ẹ bá wọn ra ọ̀dà dúdú.